Ètìpọ́nlá Ìlú Asègbẹ

Ẹ̀yin àna mi tí ẹ jókòó yí mi ká bí ìgbà tí ọdẹ ká ẹran mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ojú yín kúrò lára mi díẹ̀ kí ohùn mi lè jáde. Ẹ ní kí n wá sọ ìdí tí mo fi ti àgbà lulẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé mi. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ìkẹta náà kò sì parí, ṣùgbọ́n mo jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé bí ojú mi bá kan ojú Ìyá Adéòtí, gbogbo rẹ̀ á fò lórí mi. Ìwé náà ni mò ń kà fún yín yìí. Bí mo bá dúró, ẹ má rò pé irọ́ ni mò ń wá. Ibi tí mo kà dé ni mò ń wá.

Èmi ni Ọdẹ́sànmí ọmọ Ọdẹ́kúnlé, bàbá Ọdẹ́níyì. Èmi ni ọdẹ tí ẹfọ̀n lé ní igbó Òkè-Ọ̀gbún, tí ó lé mi títí tí ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ fi jókòó sinmi. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó dára. Àwọn akínkanjú tí a jọ wọ igbó lọ́jọ́ náà, àwọn tí kò sá, ẹ pè wọ́n kí wọ́n wá bá yín rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá sá ló ń ròyìn ogun.

Ẹ mọ bí Àwẹ̀ró ìyàwó mi ti wà. Nítorí ẹni tí kò bá mọ̀, màá sọ ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wú. Bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ á jìn sínú, á sì pẹ́ kó tó padà. Wíwú náà gun orúnkún, ó gun itan, ó wọ inú. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Ìjókòó ló fi ń sùn.

A kò káwọ́ lérí. Ètìpọ́nlá ni àwọn ìyá wa ń lò fún ara wíwú, ewé tó ń rá lẹ́bàá ọ̀nà, tí ewúrẹ́ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. A já a, a sè é. Igbá kan láàárọ̀, igbá kan lọ́sàn-án, igbá kan nírọ̀lẹ́. Ìyá Adéòtí, ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró, ẹni tó jókòó síwájú mi yìí tó kọ etí sí mi, òun ló ń bu àgbo náà fún un. Ẹ̀yin èèyàn mi, omi ló kún ara ìyàwó mi, omi la tún ń rọ sí i. Nígbà tó yá, bí igbá bá ti kan ètè rẹ̀, á bì í. Agbára wà nínú àgbo, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí yóò gbà wọlé ti kún.

Ìyá Adéòtí gbé igbá sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó kọjú sí mi. "Wọ́n ń pè ọ́ ní ọdẹ," ó ní. "Àbúrò mi ń rì lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ìwọ gbé ìbọn kọ́ èjìká, ò ń wò ó. Bó bá kú, Ọdẹ́sànmí, àwa la ó lé ọ, a kò sì ní jókòó sinmi bí ẹfọ̀n."

Èsì dé ẹnu mi. Mo gbé èsì náà mì.

Ọjọ́ náà gan-an ni ará Íńdíà kan tó máa ń ru aṣọ kiri àwọn abúlé yà sọ́dọ̀ wa. Bàbá Aláṣọ là ń pè é. Ó rí ewé tó wà nínú ìkòkò, ó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Haa! Punanáfà!" ó ní. "Ewé yìí wà nílé mi. Punanáfà ni orúkọ rẹ̀, èyí tó ń sọ ara di ọ̀tun. Àwọn oníṣègùn wa, láti ayé àtijọ́, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, omi yín ti pọ̀ jù. Àwa máa ń sè é, a ń sè é, a ń sè é, títí apẹ̀rẹ̀ kan á fi di báyìí." Ó fi àtàǹpàkò kan orí èékánná ìka rẹ̀. "Èyí nìkan, nínú oúnjẹ àárọ̀. Ó tán."

Mo ní, "Bàbá, ẹ bù fún wa."

"Mi ò ní in. Ilé mi jìn, oṣù mẹ́ta lórí òkun. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé àwọn kan wà lẹ́yìn igbó yín tí wọ́n mọ̀ ọ́n sè ju àwa lọ." Ó tún ẹrù rẹ̀ dì kíákíá. "Wọn kì í ṣe èèyàn."

Mo wo Àwẹ̀ró. Wíwú ti dé abẹ́ ọmú. Gbogbo wa la mọ̀ pé bó bá fi lè dé ọrùn, ó parí. Mo gbé ìbọn mi. Ẹ má yìn mí o. Eyín mi ń lu ara wọn débi pé Àwẹ̀ró bi mí bóyá òtútù ló ń mú mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Igbó tí mo wọ̀, Akẹ̀yìnsíni ni wọ́n ń pè é. Igi tí mo bá dojú kọ á yí ẹ̀yìn padà sí mi. Ẹyẹ rí mi, ó pòṣé. Ejò rí mi, ó pòṣé, ó sì yà kúrò lọ́nà bí ẹni pé èmi ni mo ní oró. Èmi náà kò dúró kí wọn. Mo ń rìn, mò ń wo iwájú, mò ń wo ẹ̀yìn, títí ọrùn fi ń dùn mí. Ṣé ẹ rí ọdẹ tó bá ní ọrùn ríro, òun ló ń pẹ́ láyé.

Àárín ọ̀nà ni mo ti bá iwin kan tó jókòó, tó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó tóbi tó àká. Ìpàkọ́ rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà, ẹnu fẹ̀ǹfẹ̀ tó kún fún eyín. Ẹlẹ́nu-Nípàkọ́ ni. Bí yóò bá bá ọ sọ̀rọ̀, àfi kó kọ ẹ̀yìn sí ọ.

"Ta ló ń rùn bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà yẹn?"

"Èmi ni, sà. Ọdẹ ni mí."

"Ọdẹ? Ọdẹ wo ló ń di ìbọn mú bí ẹni di orógùn mú? Gbé e lọ fún ìyàwó rẹ kó fi ro ọkà."

"Ìyàwó mi ló ń ṣàìsàn, Baba. Oògùn rẹ̀ ni mò ń wá lọ."

"Bó bá jẹ́ pé ojú tí mò ń gbóòórùn rẹ̀ yìí ló ń jí rí, báwo ni kò ṣe ní ṣàìsàn?" Ó rẹ́rìn-ín, ewé igi já bọ́. "Ó dára. Àlọ́ kan ni. Bí o bá kùnà, màá yí ojú mi sí ọ. Ẹni tí mo bá yí ojú sí, ẹnu rẹ̀ á bọ́ sí ìpàkọ́ bíi tèmi, kò sì ní fi jẹun mọ́, èébú nìkan ni yóò máa fi bú. Kí ni à ń sè tó ń kéré, tó jẹ́ pé bó ṣe ń kéré ló ń gbóná sí i, tí kò sì sí ìkòkò tó gbà á àfi ikùn?"

Mo ronú epo, mo ronú oyin. Èyíkéyìí nínú wọn kì í gbóná nínú ikùn. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìyá Adéòtí ló wá sí mi lọ́kàn, bó ṣe gbé igbá sílẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ ẹfọ̀n.

Mo kígbe pé, "Èsì ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fọ̀ fún àna, tí a gbé mì!"

Èjìká náà dúró. "O ti jìyà rí," ó ní. "Kọjá. Ojo! Bí o bá tún gba ibí padà, má jẹ́ kí n gbóòórùn rẹ."

Ẹ ò rí i? Àna líle a máa sọ èèyàn di ọlọ́gbọ́n. Ìyá Adéòtí, ẹ má bínú sí mi. Bí àlọ́ náà ṣe lọ nìyẹn, èmi kọ́ ni mo dá a.

Báyìí ni mo ṣe dé Ìlú Asègbẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun gbogbo ni wọ́n ti sè gbẹ níbẹ̀. Ìrókò kan odidi, wọ́n ti sè é, ó ku bí igi ìtayín. Òjò ọdún kan wà nínú àdó. Ewúrẹ́ wọn kò ju èkùrọ́ lọ, bó bá sì ké, etí á di. Àwọn ará ìlú náà ga dé orúnkún mi, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo débi pé ilẹ̀ ń jìn lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Orúkọ wọn, ìró kan ṣoṣo ni: Gbì, Kò, Tú. Bí ẹnì kan bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin pọ̀, àwọn yòókù á yí ojú wò ó bí ẹni tó ń ṣòfò.

Gbì ni obìnrin tó ń se ètìpọ́nlá. Mo bá a nídìí iná, ó tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá kan. Mo yọjú wò ó. Ohun dúdú kan tó tó èkùrọ́ ló kù níbẹ̀, tó ń dán. Ọkàn mi fò. Oògùn Àwẹ̀ró ti jinná, ó kù kí wọ́n gbé e fún mi.

Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tí ẹ bí ìyàwó mi, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọmọlúàbí. Bí ọmọ tí a kọ́ bá bá àgbà lẹ́nu iṣẹ́, kí ni yóò ṣe? Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹ kú iná. Ẹ kú ooru. Ẹ kú ìjókòó. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá ńkọ́? Ẹ kú àìrìnpọ̀ o, ẹ kú—"

Mo gbọ́ ìró omi. Mo gbójú sókè. Omi ti dé ìdajì ìkòkò. Bí mo ṣe sọ ẹ kú tó gbẹ̀yìn, ó kún, ó bo ẹnu ìkòkò, ó ya sórí iná, iná kú fin-ín.

"Omi!" Gbì pariwo. Gbogbo ìlú sáré jáde. "Omi! Omi!" Wọ́n fi orógùn bò mí. Èèyàn tó ga dé orúnkún, bó bá lu ọ́, ibi tí yóò ti lù ọ́, ẹ mọ̀ ọ́n.

Gbì fi ìbínú ná ọ̀rọ̀ tí yóò tó o lò fún ọdún kan. "Ọ̀rọ̀ ni omi níbí! Ọjọ́ méje ni mo fi lé omi náà jáde. Ẹnu kan lo fi dá a padà. Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ ni, ẹ dákun—"

Omi tún ya lulẹ̀, ó gbé ẹyín iná lọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi.

"Ẹ̀bẹ̀ náà," Gbì ní, "omi."

Ó nawọ́ sí ìdí àrò. Mo jókòó síbẹ̀. Ó ní kí n máa koná títí ìkòkò yóò fi gbẹ, kí n má sì la ẹnu. Mo wá igi ìdáná, mi ò rí. Ìgbà náà ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kò kọjá lọ, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀bọ." Iná sọ pàù lábẹ́ ìkòkò.

Ẹ̀rù wá bà mí gan-an. Èébú ni igi ìdáná wọn.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ń lọ sóko á yà. Ẹni tó bá ń ti odò bọ̀ á yà. "Imú ìdí ìkòkò." "Ẹsẹ̀ lékeléke." "Ọdẹ aláǹgbá." Àwọn arúgbó wọn tí kò rìn mọ́, wọ́n ń gbé wọn wá kí wọ́n lè bú mi. Wọ́n bú bàbá mi Ọdẹ́kúnlé nínú sàréè rẹ̀. Wọ́n bú ilà ojú mi. Iná ń jó, omi ń lọ sílẹ̀. Èmi tí mò ń ka ìwé fún yín yìí, mo jókòó ti ìkòkò fún ọjọ́ mẹ́fà, mi ò fèsì fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá rò pé ìyẹn kéré, kó lọ pa ẹnu mọ́ fún ọjọ́ kan nínú agbo àna rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ keje, omi ku ìka méjì, ó kọ̀, kò lọ mọ́. Wọ́n ti bú mi tán. Èébú àtijọ́ ò dá iná mọ́. Gbì wò mí látòkè délẹ̀, ó ń wá ibi tó kù. Ó wá sọ ọ́, jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ó ti kú."

Ẹ̀yin àna mi, mo ya ẹnu. Igbe ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Orúkọ Àwẹ̀ró ti dé orí ahọ́n mi. Mo ki ọwọ́ òsì bọ ẹnu, mo gé e jẹ dé egungun. Àpá rẹ̀ rèé, ẹ wò ó. Ojú mi ń ṣomi, ṣùgbọ́n omijé kì í ṣe ọ̀rọ̀, kò kún ìkòkò. Iná náà ru sókè ju orí mi lọ, ó funfun, omi tó kù sì lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun dúdú náà jókòó sísàlẹ̀, ó ń dán.

Gbì yọ ọ́, ó dì í sínú ewé. "Èékánná kan," ó ní. "Àárọ̀. Nínú ẹ̀kọ." Ó di ewé náà mú, kò tíì fi sílẹ̀ fún mi. "Títí yóò fi kan ahọ́n rẹ̀, má kí ẹnikẹ́ni. Ẹ kú kan, omi."

Ó jù ú sí mi. Ẹ ò mọ bí ẹnu ṣe ń yún mi. A kì í dúpẹ́ oògùn, bẹ́ẹ̀ ni, àwọn bàbá wa ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí eegun orúnkún yín lọ sílẹ̀ níwájú àgbà, kí ẹ sì wá gbé e dìde láìsọ nǹkan kan. Mo yí ẹ̀yìn sí i, mo ń lọ. Ó pè mí láti ẹ̀yìn.

"Aláìmoore!"

Mo bojú wẹ̀yìn. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyẹn ló ga jù nínú ìyìn tí wọ́n ní.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe padà. Mo sáré ni. Ẹ mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n sá.

Abúlé wa ni wàhálà wà. Mi ò tíì wọ ẹnu odi tí wọ́n fi ń pariwo, "Ọdẹ́sànmí, ẹ kú àbọ̀! Ẹ kú ewu!" Mo ń kọjá. Bàbá Akínjìnmí, olórí agboolé wa, dìde lórí ìjókòó kí mi. Mo kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára ògiri. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi tó ní, "Ó ti ya wèrè." Ẹnì kan ní, "Rárá, ìgbéraga ni. Ó ti pa ẹran ńlá." Ẹnì kan sọ òkúta.

Mo dé ẹnu ọ̀nà mi. Ìyá Adéòtí fẹ ẹsẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sára férémù ilẹ̀kùn.

"Ẹ kúulé dà?"

Mo wò ó.

"Èmi lò ń wò bí igi yẹn? Láti ọjọ́ tí o ti lọ, èmi ni mò ń gbé e jókòó, èmi ni mò ń nu itọ́ rẹ̀. O dé, o fẹ́ gba orí mi wọlé. Ẹran lo jẹ́ ni? Kí mi! Bí o kò bá kí mi, o ò ní wọ ilé yìí."

Mò ń gbọ́ Àwẹ̀ró nínú ilé. Èémí rẹ̀ ń ró bí ìgbà tí akèrègbè ń mu omi lódò. Ó ti dé ọrùn. Mo fẹ́ kí i, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí n sọ fún un pé, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ètè mi ṣí. Mo ní, "Ẹ—"

Ewé ọwọ́ mi tutù. Mo wò ó. Omi ń kán láti inú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kán, kán.

Ìgbà náà ni mo tì í. Mo fi èjìká tì í, bí a ti ń ti ilẹ̀kùn tó há. Ó ṣubú, ìdí rẹ̀ bọ́ sínú agbada àgbo tó ti tutù. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ pè mí rèé, mo sì jẹ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi nínú ìwé.

Mo fi èékánná họ èyí tó kù, mo fi kan ahọ́n ìyàwó mi. Mo jókòó tì í. Òòrùn kò tíì kúrò lójú fèrèsé nígbà tó fa aṣọ mi, ó ní kí n gbé òun lọ sẹ́yìn ilé. Ó tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo po èékánná kan mọ́ ẹ̀kọ fún un. Ó jẹ ẹ́, kò bì í. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo tún rí kókósẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ bi mí, nígbà tí èémí rẹ̀ já gaara, ni pé, "Bàbá Ọdẹ́níyì, ta ló ṣubú níta lọ́jọ́sí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

"Ta ló tì í?"

"Èmi ni."

"Ǹjẹ́ o kí i kí o tó tì í?"

Mo sọ gbogbo èyí tí mo sọ fún yín yìí fún un. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Mo gbọ́. Ẹni tó wẹ̀ mí bí ọmọ jòjòló lo tì sínú àgbo." Ó yí ojú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, ó ń gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi láràárọ̀, ó ń jẹ ẹ́, kò dá mi lóhùn. Ó ní òun kò ní dá mi lóhùn títí Ìyá Adéòtí yóò fi dá mi lóhùn.

Ìwé mi parí síbí. Èyí tó kù, ọjọ́ kejì ni mo tó kọ ọ́ kún un.

Nígbà tí mo kà á tán, mo ká ìwé náà, mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku níwájú Ìyá Adéòtí. Mo kí i. Mo kí i ní ẹ kú ìtọ́jú, mo kí i ní ẹ kú àìsùn, mo kí i ní ẹ kú ìnira, ẹ kú ìyà, ẹ kú ìfaradà, títí ohùn mi fi há. Ìyá Adéòtí kò wò mí. Àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà wọn, mo sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Àwẹ̀ró jáde láti inú ilé. Kò di ògiri mú. Ó gbé omi mímu wá fún àwọn àlejò, ó ń gbé e kiri lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde. Ìyá Adéòtí tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ó tẹjú mọ́ ọn bọ̀.

"Dìde," ó sọ fún mi. "Mi ò tíì dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n dìde, ilẹ̀ tutù."